Ẹ Ka Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Náà

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí Màmá. Ó máa jóná."

Ṣìkẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ wọn ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lójú Uncle Olúdáre tó wá wọn àpótí ìrìn-àjò rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Seth, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ ìpékeré lórí àga, kò lè mi ẹnu mọ́.

Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí kì í ṣe ohun ìṣeré. Nebulizer ni, èyí tó ń sọ oògùn di ìkùukùu kí ẹni tí kò lè mí dáadáa fi lè fà á símú. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ fée ti ń bá Màmá Ìkirè, ìyá bàbá Ṣìkẹ́mi, fínra. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ọkàn Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, bàbá Ṣìkẹ́mi, kò balẹ̀ mọ́. Bó ṣe gbọ́ pé Uncle Olúdáre ń lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé, ó sáré ra ẹ̀rọ náà, ó sì ra adaptor mọ́ ọn, ìyẹn orí kékeré tí wọ́n máa ń fi bọ púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa jóná?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, sà. One hundred and twenty volts. Iná Nàìjíríà sì jẹ́ two-thirty, nígbà míì two-forty. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì."

Uncle Olúdáre bú sẹ́rìn-ín. "Engineer" ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nítorí pé ó ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Àkúrẹ́ kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá ń hu láàárín ìwàásù, òun ni wọ́n ń ké sí. Bó bá fọwọ́ gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, tó sì ṣe kòńgẹ́ pé ó dákẹ́, gbogbo ìjọ á ní kò sí irú Engineer mọ́.

"Ọmọ dáadáa," ó wí, "kí lo rò pé adaptor wà fún? Òun ló máa yí iná yẹn padà."

"Rárá, Uncle. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà. Iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá, bó ṣe wà náà ló ṣe máa wà."

"Ṣìkẹ́mi, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà."

"Àkísà kọ́ là ń sọ, Uncle. Iná là ń sọ."

Yéè! Seth fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran dìde. "Kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn!"

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ orúnkún rẹ̀ nìkan ló kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ dúró ṣinṣin.

"Bẹ Uncle. Sọ fún wọn pé o ò mọ nǹkan tí ò ń sọ."

"Ẹ má bínú, Uncle, bí mo ṣe dá yín lóhùn yẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan tí mò ń sọ. Dádì, mo ti kúnlẹ̀, àmọ́ iná Nàìjíríà ò mọ̀ pé mo kúnlẹ̀."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìyá mi ni mò ń wá ìwòsàn fún, ìwọ ń bá mi ṣe grammar. Adaptor yìí kan náà ni mo fi lo laptop mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní Ìkirè, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àbí ní library yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ ní àfojúdi? You are not going tomorrow. Ó parí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣìkẹ́mi lára. Sátidé márùn-ún ló ti fi ń kọ́ ìpìlẹ̀ iná mọ̀nàmọ́ná ní ilé ìkàwé kan ní Lithonia, lọ́dọ̀ Mista James, bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ti fi ogójì ọdún ṣe iṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé iná kì í rìn láìní ọ̀nà àbọ̀: bó ṣe jáde lára bátìrì, ó gbọ́dọ̀ rí wáyà gbà padà. Ní Sátidé kejì, ìwàǹwára mú un, ó ki ẹsẹ̀ gílóòbù LED tó kéré bí ẹyọ àgbàdo mọ́ bátìrì fóltì mẹ́sàn-án láìfi resistor, ẹ̀yà kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù, sáàárín. Ó tàn yòò, ó kú. Àwọn ọmọ yòókù fi rẹ́rìn-ín. Mista James kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fi òkú gílóòbù náà sí i lọ́wọ́, ó ní kó tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ fún un pé kó tó fọwọ́ kan iwájú ohunkóhun, kó kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Sátidé ọ̀la yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe aago ẹnu ọ̀nà. Láti oṣù tó kọjá ni Ṣìkẹ́mi ti ń retí rẹ̀.

"Just tell Daddy sorry," Seth sọ fún un nínú kíṣìnì lẹ́yìn tí Uncle ti fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lọ. "O máa lọ sí class ẹ. Bí nǹkan yẹn bá jóná, wọ́n á ra òmíràn."

"Bí mímí bá há mọ́ Màmá láyà, tí wọ́n ki ẹ̀rọ yẹn bọ iná, tó jóná lójú wọn, ṣé Màmá náà la máa ra òmíràn?"



Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ laptop yẹn ń dun Ṣìkẹ́mi. Bí laptop Dádì kò bá jóná ní Ìkirè, ṣé kì í ṣe òun ló ń ṣe àṣìṣe? Ẹ̀rù bà á díẹ̀, kí n má parọ́. Ó lọ síbi tábìlì bàbá rẹ̀, ó mú ṣájà laptop náà, ó yí i padà, ó ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí Uncle Olúdáre tó dé láti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, Ṣìkẹ́mi tú síìpù àpótí náà, ó yọ ẹ̀rọ Màmá, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ẹní gbé ọmọ. Nígbà tí Uncle dé, tí àwọn àgbà méjèèjì wọ pálọ̀, ó ti dúró dè wọ́n níwájú ilẹ̀kùn.

"Ṣìkẹ́mi, orí ẹ pé báyìí?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Ó pé, sà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì péré. Lẹ́yìn ẹ̀, ìyà tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi jẹ mí. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí ò ní kọjá ilẹ̀kùn yìí kí ẹ tó wo nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn yín."

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó gbé LED pupa kan sórí tábìlì, ó ki bátìrì pẹlẹbẹ kan sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó tàn, ó rẹwà. "Three volts nìyí. Inú ẹ̀ dùn." Ó wá so ó mọ́ wáyà méjì, ó fi ife gíláàsì bò ó, ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. "Nine volts." Ó fi wáyà kan bátìrì ńlá. Iná náà kọ mànà, ó kú fin-ín.



"Uncle, ẹ̀yin ni Engineer wa. Ẹ bá wa ka ẹ̀yìn ṣájà laptop Dádì."

Uncle Olúdáre gbé e súnmọ́jú, ó gbé e jìnnà. Lẹ́tà náà kéré jù fún ojú rẹ̀. Ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́ lójú. "Input… one hundred to two-forty volts."

"Ìyẹn gba iná ibí, ó sì gba ti Nàìjíríà. Ẹ wá ka ti ẹ̀rọ Màmá."

Ó ya ìyẹn náà. Ó kà á sínú. Ó jókòó.

"Olúdáre, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Adédìran béèrè.

"One-twenty. One-twenty nìkan." Uncle Olúdáre nu ojú. "Èmi náà fi blender ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́dún tó kọjá, èmi àti adaptor mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lò ó ló rú èéfín. NEPA ni mo bú. Mo bú wọn, mo tún bú ìran wọn."

Seth ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ń wo òkú gílóòbù abẹ́ gíláàsì náà, ó dà bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló ń rò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí ni ká wá ṣe báyìí?"

Ṣìkẹ́mi ló bi. Kì í ṣe Engineer.

"Kí Uncle ra èyí tí wọ́n kọ two-twenty to two-forty sí lẹ́yìn, sà. Wọ́n máa rí i rà ní Ìbàdàn kí wọ́n tó dé Ìkirè."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bàbá rẹ̀ kò sọ pé òun jẹ̀bi. Àwọn bàbá kan kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n sì fi padà dé láti pápákọ̀ òfurufú, kíláàsì ti parí, àwọn ẹgbẹ́ Ṣìkẹ́mi ti ṣe aago wọn láìsí i níbẹ̀. Ó dùn ún gan-an. Àmọ́ nígbà tí Seth bi í bóyá ó kábàámọ̀, ó ní òun kò kábàámọ̀ rárá.

Lọ́jọ́bọ̀, Màmá Ìkirè pè wọ́n lórí fídíò. Ẹ̀rọ tuntun náà ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá sì ń mí geere.

"Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, wọ́n ròyìn fún mi o. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ki nǹkan yìí bọ iná, mo ní kí gbogbo wọn dúró. Mo ní ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn ẹ̀ sí mi létí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa kúnlẹ̀ fún àgbà, ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wádìí nǹkan, tó dá yín lójú, tí ẹ sì lè fi hàn, ẹ má torí pé ẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ gbé òótọ́ mì. Àgbà tí ọmọdé ń wò níran títí tó fi kó sí kòtò, ọmọ náà kò bọ̀wọ̀ fún un rárá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Adédìran fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Ṣìkẹ́mi lọ sí Lithonia. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó sẹ́yìn ni. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi mú kí LED kan jóná, Mista James sì fi òkú rẹ̀ sí i lọ́wọ́ pé kó tọ́jú rẹ̀.