Àṣá, Òròmọdìẹ àti Pèrègún Ààlà

Ọkùnrin gìrìwò kan dúró lójú fèrèsé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìṣẹ̀, àpò ẹ̀gẹ́ lórí, omijé lójú. Kàtúùnù ọmọdé ló ń wò.

Dámilọ́lá, tíṣà tó ń fi fíìmù náà han àwọn ọmọ, rí i, ó sì rẹ́rìn-ín sínú. Ìtàn àṣá tí apá rẹ̀ ṣẹ́ ni. Ó já sí àgbàlá àgbébọ̀ tó ti kó lọ́mọ jẹ rí, òròmọdìẹ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sì ń bu omi fún un mu. Àwọn ọmọ ti gbàgbé gúgúrú ọwọ́ wọn. Ìgbà tí apá àṣá jinná, tí ebi ń pa á, tó sì yíjú sí òròmọdìẹ, ni wọ́n mú iná lọ.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àṣá náà jẹ ẹ́?" ọkùnrin ojú fèrèsé náà bèèrè.

"Ẹ padà wá ní Sátidé."

"Ṣé kí n má sùn títí dìgbà yẹn ni?"

Ó padà wá, iná ò dé. Ní Sátidé kejì ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ó gbàgbé epo. Ẹni tó bá gbà pé ó gbàgbé lóòótọ́ ò tíì nífẹ̀ẹ́ rí. Nígbà tí Dámilọ́lá fẹ́ sọ òpin ìtàn náà fún un, ó fọwọ́ dí etí.

"Olólùfẹ́ mi, bí o bá sọ ọ́, kí ni n ó tún máa wá ṣe níbí?"

Caleb Akínpẹ̀lú lorúkọ rẹ̀, orúkọ yẹn ló sì da omi tútù sí wọn lọ́kàn. Ní ọdún méje sẹ́yìn, Bámigbóyè, bàbá Dámilọ́lá, fi ọlọ́pàá mú bàbá Caleb, ó ní ó ré ààlà oko kòkó àwọn kọjá. Bàbá náà ní ikọ́ fée, ikọ́ fée kì í sì í bá àtìmọ́lé rẹ́. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé lọ́jọ́ kẹta.

"Ọmọ ẹni tó pa ọkọ mi ò níí wọ ulé mi," ni Felicia, ìyá Caleb, wí.

Bámigbóyè ní tirẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ lọ sóko. "Wò ó! Pèrègún tí bàbá mi fi pààlà rèé. Olè ni wọ́n!"

Dámilọ́lá wo ìlà pèrègún náà, ó rántí. Lọ́dún tí ọparun wọ́n, pèrègún ni bàbá àgbà gé tó fi gbé iṣu ró níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí àwọn Akínpẹ̀lú yá a. Òun, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń rù ú tẹ̀ lé e. Ibi tí a bá gún pèrègún sí ló sì ń hù. Bàbá àgbà ti kú kí ìjà tó dé, òun náà wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, kò rí ìlà náà rí látìgbà yẹn.

"Bàbá, igi iṣu ni. Kì í ṣe ààlà."

Bámigbóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Caleb ti ní kí àwọn méjèèjì lọ ṣègbéyàwó ní Àkúrẹ́, kí wọ́n fi ilé sílẹ̀. Bí Dámilọ́lá bá dákẹ́, ó ti lọ́kọ. Bí ó bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí Caleb fúnra rẹ̀ má fẹ́ rí i mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò ó.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé Felicia, níbi tí ìyẹn ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Caleb dúró, ó ń gbọ́.

"Bàbá yín ò jalè," Dámilọ́lá wí fún un. "Àwa la ṣì í mú."

Caleb kẹ̀yìn sí wọn, ó lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n ń gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Ọdún méje," Felicia wí, "tí wọ́n ń pe ọmọ mi lọ́mọ olè. Bàbá rẹ mọ̀ pé o wá?"

"Mo sọ fún un, mà. Ó ní kí n má padà wálé."

Ọ̀bẹ ọwọ́ ìyá náà dúró.

"Caleb ò jẹ́ ká gbádùn nítorí kàtúùnù rẹ. Àṣá ọ̀ún, ṣé ó jẹ ọmọ adìẹ?"

"Kò jẹ ẹ́, mà."

"Àgbébọ̀ ńkọ́? Kí ló ṣe?"

"Kò dárí jì í. Àmọ́ nígbà tí òjò dé, ó sún díẹ̀, ó fàyè gbà á lábẹ́ òrùlé, níbi tí ojú rẹ̀ ti tó o."

Felicia nu imú. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó na ọ̀bẹ kejì sí i.

"Jókòó síbi tí ojú mi ti tó ọ. Má bó o nípọn o."

Caleb padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Dámilọ́lá, ó mú ẹ̀gẹ́ kan.

"Mo gbọ́ òpin ìtàn náà," ó wí jẹ́jẹ́. "N ó ṣì máa wá ní Sátidé."