Ọkùnrin Tó Fi Etí Sí Fíríìjì

Etí ló fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì nígbà tí Fọláṣadé kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ nínú kíṣìnì ilé wọn n'Ìbà, ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún.

"Kí ló ń sọ fún yín?" Fọláṣadé bi í.

"Ó ní mótò òun ò jóná," ó dáhùn láìlajú.

Àyàndélé lorúkọ rẹ̀. Okokomáíkò ló ti ń tún fíríìjì ṣe. Bàbá Fọláṣadé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà, ló gbé fíríìjì náà bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ni yìnyín ti ń já sínú kọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n fún oṣù méjì, ó kàn ń kùn lásán ni, yìnyín kò já. Oníṣẹ́ méjì ti ní kí wọ́n ra mótò tuntun.

Àyàndélé yọ ike tí yìnyín ń kó sí, ó fi han Fọláṣadé. Iná NẸ́PÀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ti yọ́ yìnyín, ó sì ti dì pọ̀ gbagidi. Irin tó yẹ kó máa tì í jáde kò lè yí mọ́. Fọláṣadé gbé omi gbígbóná wá. Kí yìnyín náà tó yọ́ tán, Fọláṣadé ti sọ fún un pé ìṣirò lòun ń kọ́ àwọn ọmọ n'Ìjanikin. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí yìnyín tuntun dì, Fọláṣadé gbé kọ́ọ̀bù sí i, ó sì já gbàràgbàrà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àyàndélé padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá lọ́sẹ̀ kejì náà.

"Ṣé kò tíì yá ni?" Fọláṣadé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Fíríìjì ti yá. Èmi ni ara mi ò yá."

Nígbà tí bàbá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó ní òun kò rán ọmọ òun lọ sí yunifásítì kó lè fẹ́ oníspánà. Fọláṣadé kò sunkún. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èèyàn méjì parọ́ fún yín, ẹnì kan sọ òótọ́. Ẹni yẹn ni mo fẹ́, sà."

Lọ́jọ́ kan, bàbá nìkan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àyàndélé, ó jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń wo bó ṣe ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Nígbà tó délé, ó ní kí Fọláṣadé lọ sọ fún un pé kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀.

Fọláṣadé dé ṣọ́ọ̀bù, ó jíṣẹ́ náà. Ọwọ́ Àyàndélé kún fún gírísì. Ó ń wá àkísà tó máa fi nù ún.

"Fi sílẹ̀, Délé mi," Fọláṣadé sọ, ó sì di ọwọ́ náà mú.