“Oko To Maa Fa Ile Mi”

Ìfiránṣẹ́ náà wọlé sórí fóònù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ibi tí nọ́ńbà ẹni tó fi í ránṣẹ́ yẹ kó wà ṣófo. Ohun tó kọ nìyí: “E kaaro sa. Mo n wa oko to maa fa ile mi.”

Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ sì máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Mo kà á bí iṣẹ́ mi ṣe ní kí n kà á. Ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta káráfáànù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí nílùú òyìnbó, ní Castle Green, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ A13. Ilé onítáyà ni káráfáànù, tí èèyàn ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ síbi ìsinmi. Èmi ni mo máa ń sọ fún oníbàárà irú ọkọ̀ tó lè fa ilé tirẹ̀. Tíṣà náà ni wọ́n ṣì ń pè mí.

Mo bi í pé báwo ni ilé rẹ̀ ṣe wúwo tó.

“1,800 kilo, teru teru.”

Mo wá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Bí ìwọ̀n ọkọ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, kí ohun tí yóò fà má ṣe ju márùndínláàádọ́rùn-ún lọ. Bí ilé bá wúwo ju ọkọ̀ lọ, ilé ni yóò máa darí ọkọ̀. Ẹ má sì kó ẹrù sẹ́yìn, ilé yóò máa jù bí ìrù ajá. Mo fi àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò kún un, ti obìnrin kan tó kó gbogbo ìkòkò oúnjẹ ìjọ rẹ̀ sẹ́yìn káráfáànù, tí ilé náà sì dojú ọkọ̀ dé lórí A13 ní ọdún méjì sẹ́yìn. N kò dárúkọ rẹ̀. Wúrà ni, ìyàwó ọ̀gá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó ń gbé ní Upney. Ó kú lójú ẹsẹ̀.

Ó bi mí léèrè: “Ta lo so pe eyin lo ko o si?”

Mo kọ ọ́ pé ọ̀gá mi ni.

“Oko temi fuye. O ni apa oun ka a. O paro fun mi.”

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ bíi pé èèyàn ni.

Ní Ọjọ́rú ó tún kọ̀wé: “Mo ti ri oko kan ninu ogba yin. Oun ni mo fe.”

Jíìpù dúdú ọ̀gá mi nìkan ló lè fa irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà wa. Mo ní kì í ṣe títà.

“Temi ni. E so fun un ko wa fa mi ni Satide, aago mewaa aaro.”

Mo sọ fún ọ̀gá mi, Adédìran. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹni tó fẹ́ràn jíìpù mi tó báyìí, ṣé kì í ṣe èmi gan-an ló ń wá?”

“Ọ̀gá, ẹ má kó mi sí i o.”

“Ẹ ní kó máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kó wá wo ohun tí jíìpù ọkùnrin lè ṣe!”

Ní àárọ̀ Sátidé, ká tó ṣí àgádágodo ẹnu ọ̀nà, káráfáànù funfun kan ti wà láàárín ọgbà. Òórùn àbẹ́là àti tùràrí ń jáde lára rẹ̀. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Mo gbé òṣùwọ̀n kékeré sábẹ́ imú rẹ̀, níbi tí yóò ti kọ́ ọkọ̀, kí n lè mọ bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tó. Ó ka kílò 75. Ìyẹn dára. Bí mo ṣe ń wò ó, ó di 83. Ó di 97. Pákó ilẹ̀ ń dún nínú ilé náà, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Nígbà tó di 118, ó dúró. Ohun yòówù tó ń rìn nínú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín wa.

“Ọ̀gá,” mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “ẹnì kan wà nínú ilé yìí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka pátákó irin kékeré tí wọ́n kọ ìwọ̀n ilé náà sí. Kílò 1,400 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ti ṣí. Mo fi èékánná ṣí i kúrò. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀: 1,800. Ẹni tó bá ka ti òkè yóò gbà pé ọkọ̀ kékeré, irú ti Wúrà, tó láti fà á.

“Ẹ fi sílẹ̀,” ni ọ̀gá mi wí lẹ́yìn mi. Ètè rẹ̀ ti funfun. “Wọ́n ti fọ́ ilé Wúrà yìí túútúú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ́ ọ.”

Ó já pátákó irin náà gbà lọ́wọ́ mi, ó wọ jíìpù, ó sún un sẹ́yìn, ó so ilé náà mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ó sì wà á jáde bí ẹni tó ń sáré lọ gbé nǹkan pamọ́. Ìwọ̀n wọn bára mu régí. Èmi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀.

Fóònù mi dún. “E se sa. Oko mi ti n fa mi lo.” Mo gbójú sókè. Lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ọwọ́ kan nínú apá aṣọ funfun gígùn ń fa kọ́tìnì padà.

Kò sí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù gbọ́ ariwo ìjàǹbá náà láti inú ọgbà. Nígbà tí a sáré dé A13, jíìpù ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí títì, kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́líìtì ìjókòó wà ní dídè. Bàtà ọ̀gá mi wà létí ọ̀nà, méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí a ṣe máa ń bọ́ ọ ká tó wọ ilé àdúrà.

Ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ ni kò sí.

Mo ṣí fóònù mi. Àmì ohùn ti wà lórí gbogbo ìfiránṣẹ́ náà báyìí. “Mo ń wá ọkọ tó máa fa ilé mi.” “Ọkọ tèmi fúyẹ́.” “Mo ti rí ọkọ kan nínú ọgbà yín.” Ọ̀kan tuntun wà nísàlẹ̀:

“Tíṣà, ẹ tún àpẹẹrẹ yín ṣe. Mo ń bọ̀ wá jókòó ní kíláàsì.”