Ẹni Tó Ń Ṣíwájú Kẹ́hìndé

Ọmọbìnrin méjì ló jókòó nínú tẹlifíṣọ̀n Ìyá Ìbejì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: aṣọ kan náà, gèlè kan náà, ojú kan náà. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè pọ̀ láti kí ìyá wọn. Ọwọ́ ẹni tó wà lápá òsì ń dúró, ó ń fò, ó ń dúró, ó ń fò, bí ọ̀pọ̀lọ́. Ti ẹni apá ọ̀tún ń lọ geere bí epo.

Ẹ̀rù ba Dèjì tó ya fídíò náà. Fídíò tó ń fò kọ́ ló bà á lẹ́rù. Kò sí ìgbéyàwó tó yà ní Ìlaro tí ìyàwó ibẹ̀ kò fò díẹ̀. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló yà. Kẹ́hìndé nìkan ló jókòó síwájú kámẹ́rà. Àdàkọ rẹ̀ lèkejì, tí Dèjì fi kọ̀ǹpútà gé, tó sì lẹ̀ mọ́ àga tó ṣófo. Bí ọ̀kan bá fò, èkejì gbọ́dọ̀ fò.

"Ó dáa o," ni Ìyá Ìbejì wí, "àmọ́ kí ló ń ṣe Kẹ́hìndé mi?"

Ìbíyẹmí lorúkọ obìnrin yìí, ọmọ Ìlobì tó wá lọ́kọ sí Ìlaro. Ìbejì ló bí. Kẹ́hìndé dàgbà, Táyé lọ sọ́jà kó tó mọ ìrìn. Nílé wọn, ẹnu kì í gbà á pé ìbejì kú. Ọjà ló lọ. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ọjà wo, wọn a ní ti òdìkejì bọ́dà, wọn a sì bi yín bóyá ẹ ti jẹun. Ní báyìí, Kẹ́hìndé ti jáde ní Pólì, ó sì ń fò lọ sí Kánádà lọ́jọ́ Ajé. Ilé fẹ́ ṣófo pátápátá. Ni ìyá bá ní kí wọ́n ṣe é bí ìyá òun ti ń ṣe é nídìí fọ́tò: kí ẹni tó kù jókòó lẹ́ẹ̀mejì, kó kọ́kọ́ jẹ́ ara rẹ̀, kó wá bọ́ sí àga kejì, kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó lọ sọ́jà pè é, kó sì dáhùn. Kí ìyá lè máa rí àwọn méjèèjì nígbà tí kò bá sẹ́nì kankan nílé mọ́.

Dèjì gbà. Ṣùgbọ́n Dèjì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ òyìnbó ní kámẹ́rà, ìkómọ kan sì ń dúró dè é lọ́jọ́ náà, tòun ti ìrẹsì. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ń kánjú. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sẹ́ni tó jókòó sí àga Táyé, kò sẹ́ni tó jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Gírámà ni Dèjì fi bo ẹ̀rù. Ó ní kámẹ́rà òun, Kútọnu lòun ti rà á, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń yà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tẹlifíṣọ̀n yìí, ẹ̀gbọ́n Màmá ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà (ọkùnrin tí kò ráyè wálé sin bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ráyè ra tẹlifíṣọ̀n tó ju ògiri lọ), ọgọ́ta ló ń fi hàn.

"Ẹ pín ọgọ́ta fún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Màmá, kò ní dọ́gba. Àwòrán kan á dúró lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó tẹ̀lé e á dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ló ń fò yẹn. Bí mo bá sọ tẹlifíṣọ̀n di àádọ́ta, gbogbo wọn á dúró ní méjì méjì."

"Méjì méjì," ni Ìyá Ìbejì wí, ó rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn."

Kò bi í pé kí ló dé tí Táyé kò fi fò. Dèjì náà kò bi ara rẹ̀. Ó tẹ rìmóòtù.

Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, ó tún mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ń lọ geere. Omi lé sí ìyá lójú. Ìgbà náà ni Dèjì rí Kẹ́hìndé gidi lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń bu omi fún àlejò. Omi náà kò dà. Ó dúró láàrin jọ́ọ̀gì àti ife bí òwú, ó sì ti wà nínú ife láìsí ẹni tó rí i tó wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Kò sí ohunkóhun láàrin méjèèjì. Ó la ẹnu, ó ní "Mà," ó dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ti padé kí "mi" tó jáde.

Fífò náà kò lọ. Ó kàn ṣípò ni.

Dèjì tẹ rìmóòtù títí àtàǹpàkò fi ń dùn ún. Tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́. Fídíò ti dé òpin. Ẹni apá òsì dúró sójú kan bó ti yẹ. Ẹni apá ọ̀tún kò dúró. Ó yí orí jẹ́jẹ́, ó ń wo Kẹ́hìndé nínú yàrá.

Dèjì kúnlẹ̀. Ó sọ òótọ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó sí àga yẹn.

"Ẹnì kan ti wá jókòó sí i," ni Ìyá Ìbejì wí. Ó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. "Táyé. Kí lo ń wá?"

Ohùn Kẹ́hìndé ló jáde, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bíi ti ẹni tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ."

Ìyá mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni. Táyé ni wọ́n ń rán jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé a dúró dìgbà tó bá gbọ́ igbe. Kẹ́hìndé wá ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá a tọ́ wò. Táyé gbọ́ lọ́jà, ó wá sẹ́nu iṣẹ́, kò sì lẹ́sẹ̀, ló fi gba ìrìn Kẹ́hìndé.

"Ìwọ ni kó ṣíwájú," ni ìyá wí. "Àmọ́ ẹni iwájú ló ń jìn sí kòtò kí ará ẹ̀yìn tó kọ́gbọ́n. Bó bá jẹ́ ìwọ ló ń lọ ṣáájú, ìwọ ni kó máa kọsẹ̀. Gba fífò yẹn lára ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn."

Ọmọbìnrin náà dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ó fò, ó dúró, ó fò, títí ó fi jáde létí tẹlifíṣọ̀n. Ó ku àga rẹ̀ lásán.

Omi dún nínú ife.

"Bọ̀ọ̀dá Dèjì, omi yín rèé," ni Kẹ́hìndé wí. "Kí lẹ ń wò? Ṣé ìwo hù lórí mi ni?"

Lẹ́yìn tí Kẹ́hìndé lọ, fídíò dé láti pápá ọkọ̀ òfurufú Kánádà. Bàlíkísù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá pàdé rẹ̀ ló fi fóònù yà á látẹ̀yìn. Ìyá Ìbejì ní kí Dèjì wá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ọgọ́ta ni fóònù náà ń yà, Dèjì sì ti dá tẹlifíṣọ̀n padà sí ọgọ́ta. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ń lọ geere, àti òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, nínú ẹ̀wù òtútù.

Àfi ẹnì kan. Ó wà níwájú Kẹ́hìndé, aṣọ tí Dèjì mọ̀ ló wọ̀, àti gèlè rẹ̀, láìní ẹ̀wù òtútù. Òun nìkan ló ń dúró tó ń fò. Níbi tí ilẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó kọsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kẹ́hìndé, tí kò mọ ẹni tó ń tẹ̀lé, dé ibẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ré e kọjá.

Ọwọ́ Dèjì ti ń lọ síbi rìmóòtù. Ó bi Màmá bóyá kóun tún un ṣe.

"Fọwọ́ kúrò níbẹ̀," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́."