Omi Táńkì Orí Òrùlé

"Khuê! Ṣé o ti gbé omi àwọn àlejò òkè lọ?"

Khuê ta gìrì. Oorun ló gbé e lọ lórí ìwé ìṣirò. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ti rin ojú ìwé náà. "Mò ń bọ̀, Màmá!"

"Láti ìgbà tí mo ti gbé ìrẹsì kaná lo ti ń bọ̀," ni ìyá rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. "Ṣé láti Hanoi lo ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni?"

Ilé àlejò wọn kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, ṣùgbọ́n ó ga ní àjà márùn-ún, ó há sáàárín àwọn ilé mìíràn nínú kọ̀rọ̀ tóóró kan ní ìlú Saigon. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń gun àtẹ̀gùn. Bàbá Khuê ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ìlú mìíràn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ ló ń dáná, tó ń fọ aṣọ ibùsùn, tó sì ń gba àlejò. Khuê, tí ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ló ń gbálẹ̀ yàrá, tó sì ń gbé omi mímu gòkè. Ó ti pẹ́ tí oorun àsùnyó ti di àlá lójú àwọn méjèèjì.

Tọkọtaya àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ Portugal ló wà ní àjà òkè pátápátá. Rui ni ọkọ, Graça ni ìyàwó. Bọ́ọ̀sì ni Rui fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ayé kí eékún tó kọ̀ fún àwọn. Yàrá òkè ni wọ́n yàn nítorí pé òun ló pọ́ọ́kú jù, wọ́n á sì sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé ọ̀hún. Láràárọ̀, wọ́n á lọ jẹ hủ tiếu, núdù olómi tí Ìyá Bảy ń tà lórí ọmọlanke rẹ̀ lẹ́nu kọ̀rọ̀. Ìyá Bảy kò gbọ́ èdè wọn, àwọn náà kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bu ẹran lé oúnjẹ Graça, ó ní obìnrin náà ti gbẹ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Khuê wo kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó wà nídìí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yìn ti ń ro ó kó tó fọwọ́ kàn án. Ó rántí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn àlejò náà gan-an, èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí omi rẹ̀ ń wá láti inú táńkì orí òrùlé. Ó gòkè lọ́wọ́ òfìfo, ó gbé jọ́ọ̀gì tọkọtaya náà sábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ṣí i. Omi náà mọ́ gaara.

"Omi ṣáà lomi," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú dùn ún rìn. Nígbà tí jọ́ọ̀gì tún gbẹ, kò tilẹ̀ wo kẹ́ẹ̀gì mọ́.

Kò pẹ́ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ Graça. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, títí tí kò fi lè dìde nílẹ̀. Rui pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà fa omi sí i lára, wọ́n sì bi tọkọtaya náà pé kí ni wọ́n jẹ.

Bí Rui ṣe padà dé ẹnu kọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Bảy ló gbà lọ tààrà. Ìyá Bảy rẹ́rìn-ín sí i, ó ti ń nawọ́ mú abọ́. Ni Rui bá figbe ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, èdè tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ níbẹ̀ àfi Khuê, tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀.

"Khuê, wá!" ni Ìyá Bảy pè é. "Kí ló ń sọ?"

"Ó ní... ó ní ìyàwó òun wà ní ilé ìwòsàn. Ó ní oúnjẹ yín ló ṣe é. Ó ní ẹ fẹ́ pa á. Ó ní ìkòkò yín dọ̀tí."

"Ìkòkò tèmi?"

Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Bảy, ṣé ọ̀nì lẹ sè lónìí ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ti gbé ṣíbí dé ẹnu rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó jókòó. Nígbà tó tún yá, wolé-wolé dé, wọ́n ní kó dáwọ́ ọjà títà dúró títí àwọn yóò fi yẹ ibẹ̀ wò.

Nígbà tí Khuê ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Bảy jókòó ti ọmọlanke rẹ̀ tó ti pa iná rẹ̀. Obìnrin tí kì í dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọmọ oníwèé, ó kù díẹ̀ nínú èyí tí mo sè fún ara mi. Wá jẹ ẹ́." Ó wo ojú rẹ̀. "Àbí ìwọ náà ń bẹ̀rù mi?"

Khuê kò lè gbé abọ́ náà. Ó sáré wọlé, ó gun àtẹ̀gùn náà lọ tààrà. Wọ́n ti dá Graça padà, ó sùn gbalaja, ojú rẹ̀ funfun. Rui ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni Khuê dúró sí tó fi jẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ tó gbé aṣọ ibùsùn gòkè sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Rui gbé abẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo obìnrin yẹn?" ló wí.

Ìyá Khuê kò pariwo. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ náà lórí itan. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ó rẹ̀ ọ́?"

"Ó ń rẹ ẹ̀yin náà, Màmá."

"Ó ń rẹ̀ mí, àmọ́ mi ò fún ẹnikẹ́ni lómi ìfọṣọ mu." Ó gun orí òrùlé lọ. Atẹ́gùn ti ṣí ọmọrí táńkì dànù. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti òkú ọmọńlé ló léfòó sójú omi.

Ní òwúrọ̀, Rui lọ bá Ìyá Bảy, ó tẹríba, Khuê sì túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Khuê sọ tirẹ̀ sókè, kí ọlọ́kadà àti gbogbo ará kọ̀rọ̀ lè gbọ́ pé òun ló bu omi táńkì fún àwọn àlejò náà.

Ìyá Bảy yíjú sí Khuê. "Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí ń bú mi, o túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. O ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó o fi kún un, o gbé e mì."



Ìyá Khuê ti ilé àlejò pa láti fọ táńkì, àwọn àlejò yòókù sì bá tiwọn lọ. Tọkọtaya náà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápákọ̀ òfuurufú láti padà sílé. Graça gbá Khuê mọ́ra, Rui kàn mi orí ni. Wolé-wolé dá Ìyá Bảy láre, ó tún dáná, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan kò padà mọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú a máa sáré, ìdáláre a máa fà bí ìgbín. Khuê kọ ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó wú fún ẹkún. Ó yege, ṣùgbọ́n kò gba máàkì tó fẹ́. Láti ìgbà náà, òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé kẹ́ẹ̀gì náà gòkè, wọ́n á sì sinmi ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí kì í rẹ̀, àárẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀, kó wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe àṣìṣe tó sì panu mọ́, tó jẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹrù rẹ̀, ó lè tọrọ àforíjì lọ́la o, àmọ́ kò lè dá gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ti pàdánù padà.