Ìkúnlẹ̀ Àwọn Ìyàwó Ilé Olúbọ̀dé

Ọdún tí epo bẹntiró gbówó lórí kọjá àfẹnusọ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìjẹ̀gùn dìde sí ẹbí Olúbọ̀dé, àwọn onílẹ̀. Baálé ti ta ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, katakata tí yóò wó wọn sì ti wà nínú ọgbà rẹ̀, ó ń dúró de àṣẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wẹ́dà ará Ògbómọ̀ṣọ́, télọ̀ ará Ìbàdàn, fọkanáísà ọmọ Bìní, mẹkáníìkì ọmọ Ìgbò, gbogbo wọn ṣùjọ bí òṣùṣù ọwọ̀, wọ́n ń kọrin bọ̀. Irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí ládùúgbò náà.

Sàúdátù ń gbọ́ orin wọn láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé Olúbọ̀dé ló ti lọ́kọ. Nàfíù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló ṣáájú àwọn wẹ́dà, ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló sì ní láyé.

Ìyá Ganiyat, àgbà nínú àwọn ìyálé, jáde wá bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ìró àdìrẹ àti iyùn lọ́rùn.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ó yá, ẹ ṣí orí. Ọmọ Yorùbá kan ò ní ré ìyá tó kúnlẹ̀ kọjá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí wàá fi wà níwájú. Àbí o fẹ́ káwọn ọmọ rẹ máa gbé ibí, kí ìwọ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́?"

Sàúdátù tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọkùnrin ilé ti há sí yàrá pẹ̀lú agbádá àrán wọn. Akọni ni wọ́n o! Obìnrin ni wọ́n rán sójú ogun.

Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́nu géètì. Ìyá Ganiyat fúnra rẹ̀ ló ṣí ìborùn Sàúdátù. Láti ìgbà tó ti balágà, àjèjì ọkùnrin kan ò rí irun rẹ̀ rí. Ojú tì í wọra.

Orin dáwọ́ dúró. Nàfíù rí àbúrò rẹ̀, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì dá àwọn tó wà lẹ́yìn dúró. Àwọn télọ̀ ṣí fìlà.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má gbé wa ṣépè," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Kí lẹ dúró ṣe?" ni fọkanáísà ọmọ Bìní kígbe. "Na women wey kneel down stop una? Una don chop!" Ó ní wọ́n ti gba rìbá.

"Àjèjì, panu mọ́!" ni télọ̀ kan dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin láti àárọ̀ wá di àjèjì. Wọ́n wọ̀yá ìjà láàárín ara wọn, katakata sì gba géètì ẹ̀yìn jáde lọ wó ṣọ́ọ̀bù wọn.

Nírọ̀lẹ́, Sàúdátù sáré lọ bá Nàfíù níbi tó ti ń ṣa irinṣẹ́ tó ṣẹ́kù nínú àwókù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò bínú sí ẹ. Kí lò bá ṣe?" Kò gbójú sókè. "Bí a tilẹ̀ jà, èmi àtàwọn fọkanáísà ọmọ Bìní yẹn la jọ ń lọ wá ṣọ́ọ̀bù l'Ágbàdo. Wọ́n ní mo gbowó lọ́wọ́ àna mi. Bí wọ́n bá rí ẹ lọ́dọ̀ mi, mo gbé. Má wá mi wá o, Sàúdá. Kódà bí mo bá kú, èèyàn ni kó o rán."

Ó padà sílé ọkọ rẹ̀. Ibo ni ì bá tún lọ? Àwọn ọkùnrin ilé ti jáde sí àgbàlá, agbádá ń tàn yòò. Baálé pè é, ó súre fún un lójú gbogbo wọn.

"Ìyàwó gidi. Òní lo tó di ọmọ ilé yìí."

Sàúdátù ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."