Ìlà Tí Kò Dúdú

Ìyá arúgbó kan ti fẹ̀yìn ti àga ìtọ́jú, ó ti la ẹnu sílẹ̀, kí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín tó kíyè sí i pé ìlà ara àpò irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun kò dúdú.

Kò sí olùrànlọ́wọ́ dókítà eyín tí kò mọ ìlà yìí. Bí ẹ̀rọ tí ń fi ooru pa kòkòrò àrùn bá ṣiṣẹ́ dé ojú àmì, ìlà funfun náà á dúdú. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, funfun ni yóò máa wà. Iná sì ti lọ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni Àǹtí Àgbà, ọ̀gá àwọn olùrànlọ́wọ́, yóò wo ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tó buwọ́ lu ìwé tí yóò fi jókòó fún ìdánwò àṣekágbá. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé girama ló ti ń lépa rẹ̀: ọdún kan gbáko ní kíláàsì, níbi tó ti kọ́ orúkọ eyín àti irinṣẹ́, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, tó ń di ẹ̀rọ tí ń fa itọ́ mú.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. "Ya àpò náà jàre. Irinṣẹ́ ń dán gbinrin, ìwọ ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó ya á. Ó to dígí kékeré, ìkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹmú sórí àwo. Àǹtí Àgbà wò ó, ó mi orí pé ó dára. Bí dókítà ti ń na ọwọ́ sí ẹmú, ìyá arúgbó náà di ọmọbìnrin náà lápá mú, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹni bí ọmọ òun ti dúró ti òun, kò séwu.

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ má fi kan ẹnu Màmá. Ìlà ara àpò kò dúdú. Mo rí i, mo sì tò ó bẹ́ẹ̀."

Dókítà bẹ ìyá náà pé kó fún àwọn ní wákàtí kan, kí ẹ̀rọ lè fi ooru pa kòkòrò ara irinṣẹ́ mìíràn.

"N ó dúró," ni ìyá náà wí. "Eyín tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti oṣù tó kọjá, níbo ló fẹ́ sá lọ?"

Kíákíá jẹ́wọ́ pé òun ló ní kó ya àpò náà. Àǹtí Àgbà kò buwọ́ lùwé. "O sọ òótọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ náà ló tò ó. Ìwọ àti Kíákíá, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́ta. Èmi náà sì jẹ̀bi, n kò béèrè àpò kí n tó mi orí." Láti ọjọ́ náà, wọn kì í gbé àwo síwájú dókítà láìfi àpò tì í.

Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìdánwò ọdún náà kọjá lórí rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe, ó sì yege. Lónìí, bó bá ń dúpẹ́, oṣù mẹ́ta ìdí ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Aláìsàn kò mọ ohun tí a fọ̀ àti èyí tí a kò fọ̀. Ó kàn la ẹnu ni, ó gbẹ́kẹ̀ lé wa. Ẹni tí yóò bá ṣe iṣẹ́ ìwòsàn, kó kọ́kọ́ jẹ́ olóòótọ́ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.